Ẹran Méjì fún Kérésìmesì

"Àǹtí, ẹ dákun, orin tí ọmọ mi ń kọ kiri ilé yìí, ṣé ó tiẹ̀ mọ ohun tó ń wí?"

Bàbá kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ìwé wa, nígbà tí oṣù Kọkànlá ń lọ sópin, tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú sí Ifẹ̀. Kò fi ìbínú bi mí. Ó ti gbé ọmọ ẹ̀ síwájú ọ̀kadà, ó fẹsẹ̀ kan tilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ orin Kérésì, ọmọ náà ò jẹ́ káwọn gbádùn: ó ń kọ ọ́ nínú balùwẹ̀, ó ń kọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ó ń kọ ọ́ títí oorun á fi gbé e lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó sọ ohun tí orin náà ń wí, á bú sẹ́rìn-ín, á sá lọ. "Ẹ má fọmọ wa ṣe odídẹrẹ́ o, Àǹtí." Ló bá sítáàtì ọ̀kadà, ó kọrí sí ọ̀nà Lágéré.

Mo ti dá a lóhùn pé, "Á mọ̀ ọ́n tó bá yá, Dádì." Ìdáhùn tíṣà nìyẹn; gbogbo wa la ní in lápò. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń gún iyán, ó ń dún létí mi. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ akọrin dìde, ó tún dún.

Ẹ kúkú mọ bí òpin sáà ẹ̀kọ́ kìíní ṣe máa ń rí nílé-ìwé aládàáni. Iṣẹ́ kíláàsì á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orin á gbòde, wọn á ra òwú tí wọn yóò fi ṣe irùngbọ̀n Bàbá Kérésì, wọn á gba owó aṣọ lọ́wọ́ òbí. Nígbà tí ọjọ́ àríyá bá fi máa pé, ọmọ tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ omi á ti mọ orin odidi kan sórí nípa ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín. Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, fóònù á lọ sókè, gbogbo wa á sì gbà pé ọmọ ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bàbá ọlọ́kadà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà fún un pátápátá ni pé èmi fúnra mi ti rí ibi tí orin ti ṣe iṣẹ́ tí ìwé kíkà ò lè ṣe. Iṣẹ́ wo wá ni? Níbo ló parí sí?

Nóòtì méjì péré

Ẹ pe orúkọ àjọ̀dún náà bí a ṣe ń pè é nílé: Ké-ré-sì-me-sì. Sílébù márùn-ún. Ti Gẹ̀ẹ́sì ò ju méjì lọ. Kì í ṣe pé etí wa di. Èdè wa ni kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn, kì í sì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ni a fi ń ti fáwẹ̀lì bọ àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ la ṣe rí súkúù. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ á gbé àṣà náà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Bí mo bá kọ "Christmas" sójú pátákó pé kí àwọn ọmọ kà á, sílébù mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, ni màá gbọ́. Mo lè ṣàtúnṣe ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó tó di ọ̀la á ti padà síbi tó ti wá. Orin kì í bá wọn ṣàríyànjiyàn. Nóòtì méjì péré ló yọ̀ǹda fún ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó bá fẹ́ ki márùn-ún bọ̀ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á ti kọjá lọ sí ìlà tó kàn. Kò sẹ́ni tó bá a wí, kò sẹ́ni tó fi bírò pupa sàmì sí i. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹnu ẹ̀ ń ṣí.

Ohun kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú èdè wa, ohùn ni ọba. Igbá, igba, ìgbà: lẹ́tà kan náà, ohùn ló yà wọ́n. Sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a sì ń fún wọn ní àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe ìdájọ́ òdodo bẹ́ẹ̀: á tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn tó kù mì. Mo ti rí àgbàlagbà tó gboyè jáde ní yunifásítì tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dà láàmú. Bí ẹni tó kọ orin Gẹ̀ẹ́sì bá sì mọṣẹ́, sílébù tó wúwo ló máa ń gbé síbi tí àtẹ́wọ́ bọ́ sí. Ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń fẹsẹ̀ jó o, ara ẹ̀ ti mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti wúwo kí ọpọlọ tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ti jà wá rí. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá láyé mísọ́nnárì, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ohùn náà a sì máa gbé ọ̀rọ̀ wa sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀. Thomas Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní kàtídírà Marina l'Ékòó, kọ ìwé kan nípa orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Ọ̀rọ̀ bí ohùn orin ṣe gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún. Ohùn orin kan náà tó ń lọ́ Yorùbá lọ́rùn, òun ló ń to Gẹ̀ẹ́sì sẹ́nu ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orin. Ẹ mú "Jingle Bells", èyí tí kò sí ilé-ìwé tí kì í kọ ọ́. James Lord Pierpont, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é; ó jáde ní 1857, orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ sì ni "One Horse Open Sleigh". Ẹ wá a láti òkè dé ilẹ̀, kò dárúkọ Kérésìmesì níbì kan. Ègbè ẹ̀ dùn, ó ń tún ara ẹ̀ sọ, àtẹ́wọ́ ń bọ́ síbi tó yẹ. Ẹsẹ ẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ àdúgbò Ìlódè ò ní rí lò títí ọdún yóò fi yípo ló kún ibẹ̀, wọ́n sì há mọ́ra wọn débi pé àwọn ọmọ á kó odindi ìlà kan pọ̀, wọn á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò sí ní èdè kankan láyé. Ibi tí bàbá ọlọ́kadà ti borí nìyẹn.

Eyín iwájú

Práímárì Kejì ni mò ń kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún méje. Tí ẹ bá ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, àlàfo lẹ máa rí, torí àkókò tí eyín ọmọdé ń yọ nìyẹn. Láyé tiwa, orí òrùlé là ń ju eyín tó yọ sí, a ó sì pa ẹnu dé bí alángbá bá ń kọjá, torí wọ́n ní bó bá fojú kan àlàfo náà, eyín mìíràn ò ní hù níbẹ̀ mọ́. (Títí di òní, mi ò fẹ́ràn kí alángbá máa wò mí lẹ́nu.)

Mo wá fi ẹṣin sílẹ̀, mo mú orin tí tíṣà bíi tèmi kọ. Donald Gardner lorúkọ ẹ̀, olùkọ́ orin ní ìlú Smithtown ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1944, ó bi àwọn ọmọ kíláàsì kejì léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún Kérésìmesì. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn ló rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni eyín iwájú ti yọ lẹ́nu wọn, afẹ́fẹ́ sì ń bá ọ̀rọ̀ jáde. Ibẹ̀ ni "All I Want for Christmas Is My Two Front Teeth" ti wá. Inú kíláàsì ni wọ́n ti bí orin náà, ó sì hàn lára ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àkókò ìsinmi ti ń súnmọ́. Ìyá olóúnjẹ ti gbé kúlà ìrẹsì ẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, òórùn ọbẹ̀ ata ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ṣòro fún èmi gan-an láti gbájú mọ́ iṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ di àṣà láti dá orin náà dúró kó tó dé òpin, kí n na ìka sí ọmọ kan, kí òun nìkan parí ẹ̀. Eré ni wọ́n fi ń ṣe. Ọmọ tí ìka bá bọ́ sí á dìde fìrì, á pariwo eyín méjì ẹ̀, á jókòó.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ìyá-ìyá ẹ̀ ló ń tọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lápá Ifẹ̀tẹ̀dó kí wọ́n tó mú un wá sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ níbí. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́: a máa sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté òkété, a máa fi ìrìn gbogbo àwa tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di odi. Mo pè é, á wo ilẹ̀. Mo fún un ní ìdáhùn pé kó kàn tún un sọ, á wo ilẹ̀. Eyín iwájú ẹ̀ méjèèjì ti yọ, orin náà ìbá jẹ́ tirẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ètè lásán ló ń mì bí àwọn yòókù bá ń kọ ọ́.

Ìka mi bọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ó dìde, kò yára. Ó wo ojú fèrèsé. Ó gbé itọ́ mì. Ó sì fi ohùn orin náà gan-an, láì ṣìnà rárá, kọ ọ́ jáde pé: "is my two big meat!"

Kíláàsì dákẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín débi pé ìyá olóúnjẹ yọjú wò wá. Ọmọ náà kò jókòó. Ó ń wò mí bóyá màá bá a wí.

Ó rọrùn kéèyàn rẹ́rìn-ín kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró tì í. Orin ti fún ọmọ yìí ní gbólóhùn tó ti pé, tó gùn ju ohunkóhun tó lè dá hun lọ. Ó yọ eyín kúrò níbẹ̀, ó fi ẹran sí i. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní láti mọ ibi tí gbólóhùn náà ti ṣeé já. Ó ní láti mọ̀ pé nǹkan téèyàn ń fẹ́ ni wọ́n ń dárúkọ níbẹ̀, àti pé kò pọn dandan kó jẹ́ eyín. Ẹ sì tún wò ó: ní Yorùbá, ẹran ńlá méjì ni à ń wí, ẹran ló ń ṣíwájú, iye ló ń kẹ́yìn. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́ yí i po, ó fi iye ṣíwájú, ó fi "big" tẹ̀ lé e, ó wá fi ẹran kádìí ẹ̀. N kò kọ́ ọ lórí pátákó. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń lò. Bí ẹ bá rí odídẹrẹ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi rà á.

Àwọn onígírámà á ní "meat" kì í gba méjì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ fi "two pieces of meat" kọ orin náà ná, kí ẹ rí i bóyá á wọlé. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a ó kọ́ wọn ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń kà àti èyí tí kì í kà ń bọ̀ níwájú. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo ní, "Ta ló kàn?"

Ọwọ́ lọ sókè káàkiri. Ẹnì kan ń fẹ́ bàtà pupa. Ẹnì kan ń fẹ́ bánǹgà, ẹni tó jókòó tì í sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé wọn á mú un. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan tó máa ń wọ híjáàbù dìde. Òun ò tiẹ̀ dúró de òpin orin náà kó tó yí i. Ó kọ ọ́ pé: "All I want for Iléyá is my big ram!"

Ibẹ̀ ni mo ti jókòó. Ọmọkùnrin ti rí ẹnu ọ̀nà kan tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè gbà wọ inú gbólóhùn náà. Ọmọbìnrin yìí fi hàn wá pé méjì ni wọ́n. Láti ìgbà yẹn, gbólóhùn náà kì í ṣe ti Kérésìmesì mọ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún ọjọ́ ìbí, ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán, ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún ọjọ́ Sátidé, gbogbo ẹ̀ ló ń bá a jáde.

Ó sì tún rọ̀ mí lọ́rùn níhà mìíràn. Ifẹ̀ la wà. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò yẹ kí ọmọ Mùsùlùmí máa fẹnu kọ ohun tí ilé wọn ò gbà kó tó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orin tó dá lórí eyín ò mú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni dání. Àwọn orin ìsìn gidi, èmi gan-an fẹ́ràn wọn dọ́kàn, ṣùgbọ́n mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí n má gbàgbé: ìró tó parí "teeth" kò sí nínú èdè wa. T la máa ń fi rọ́pò ẹ̀. Kéèyàn tó lè pè é, ahọ́n ní láti yọ díẹ̀ láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ sì máa ń tijú ìyẹn, torí nílé wa, ẹni tó bá yọ ahọ́n síni ń wá ìjà. Àwọn tí eyín wọn ti yọ ò ní wàhálà kankan. Ahọ́n wọn ti wà níta kó tó di pé mo ṣàlàyé.

Alugbinrin

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè náà: ṣé ó mọ ohun tó ń wí?

Ta ló mọ ohun tí Alugbinrin ń jẹ́? Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàlọ́ fún nílé wa ló ti gbé e. Ìjàpá lọ jẹ àsèjẹ tí babaláwo ní kó gbé fún ìyàwó ẹ̀, inú ẹ̀ wú, ó sáré padà tọ babaláwo lọ, ó ń fi orin bẹ̀ ẹ́, àwa ọmọdé tó jókòó yíká sì ń gbè é pé "Alugbinrin" lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Mi ò rántí ọmọ kankan tó béèrè ìtumọ̀ ẹ̀. Mi ò sì rántí bàbá kankan tó bẹ̀rù pé a ó di odídẹrẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ìlà tí ń bẹ láàárín àwọn Alugbinrin yẹn. Oògùn tí babaláwo ṣe, tó ní kí Ìjàpá má fọwọ́ kan ẹnu, tó ní kó má ṣe báyìí, tó ní kó má ṣe tọ̀hún. "Tó" ń gun orí "tó". Èèyàn ò ní fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá ọmọ ọdún mẹ́rin sọ̀rọ̀ lójúmọmọ, síbẹ̀ a ti ń fẹnu wa gbé e kí á tó tó ilé-ìwé í lọ. Bí a ṣe mọ òǹkà náà nìyẹn: ení bí ení, èjì bí èjì, ẹ̀ta ǹ tagbá. Ẹnu gbé e, òye wá bá a níbẹ̀.

Nítorí náà, mi ò gbà pé àfi kí ọmọ mọ ìtumọ̀ kó tó kọrin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àlọ́ àti orin Kérésì ilé-ìwé wa wà níbòmíràn. Orin àlọ́ kì í dá rìn. Ìtàn ló ń gbé e wọlé, ní èdè tí gbogbo ẹni tó jókòó gbọ́. Kí a tó kọ Alugbinrin, a ti mọ̀ pé Ìjàpá jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ, a ti rí ikùn ẹ̀ lójú inú, a ti ń retí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀. Orin Kérésì dé sí kíláàsì láì ní ìtàn, wọ́n sì tún ka Yorùbá léèwọ̀ fún tíṣà tó fẹ́ sọ ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló wà nílùú yìí tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lásìkò ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà a ó wá máa yà á lẹ́nu pé ọmọ ń kọ ohun tí kò yé e.

Modákẹ́kẹ́, 1970

Ó máa ń ṣe mí bákan pé Ifẹ̀ níbí ni a ti ń ṣe èyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ohun gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n sì fi sídìí ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi wé wọn gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ tíṣà nílẹ̀ yìí ló ti kọ èyí nínú ìdánwò rí. Lẹ́yìn ìdánwò, ó parí.

Ìjọba náà ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kó padà wá. Ìlànà méjèèjì kọjá lórí kíláàsì wa láì mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀ tàbí fi kún un. Ilé-ìwé aládàáni kì í dúró de Àbújá kó tó gbé Gẹ̀ẹ́sì gorí àga.

Èmi ò ní ká lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Òun ni mo fi ń jẹun. Ohun tí mò ń sọ kéré púpọ̀: fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi Yorùbá sọ ìtàn orin kí a tó kọ ọ́. Ọmọ tó ti gbọ́ pé ìlú kan wà tí omi ti ń dì lójú títì, tí wọ́n ti ń fi pákó dídán rọ́pò táyà kí ẹṣin tó fà á, tó sì ti bi mí bóyá ẹṣin náà kì í yọ̀ ṣubú, á gbádùn orin ẹṣin yẹn lọ́nà mìíràn. Wọ́n bi mí lóòótọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìbéèrè àwọn ọmọ yìí dára ju àwọn tó wà lẹ́yìn ìwé wa lọ, Yorùbá ni wọ́n sì fi béèrè.

Àparò orí igi píà

Orin kan tún wà tí mo ń lò fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ìyẹn "The Twelve Days of Christmas". Ó ti wà nínú ìwé àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1780; ohùn tí a fi ń kọ ọ́ báyìí, Frederic Austin ló tò ó bẹ́ẹ̀ ní 1909. Bí ẹ bá ka ẹ̀bùn inú ẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń tún un fúnni lójoojúmọ́, 364 ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn: ẹ̀bùn ọjọ́ kìíní á jáde lẹ́nu ọmọ lẹ́ẹ̀mejìlá, kò sì ní mọ̀ pé òun ń ṣe àtúnsọ. Ó tún ń kọ́ wọn ní kìíní, kejì, kẹta, ti Gẹ̀ẹ́sì sì le gan-an lẹ́nu Yorùbá. "Fifth", "sixth", "twelfth": kọ́ńsónáǹtì tó tò sẹ́yìn ara wọn láì sí fáwẹ̀lì kan tó dá wọn lẹ́kun. Ohùn orin ò fún wọn láyè láti fi kún un.

Mo ní kí wọ́n ya àwòrán ọjọ́ kìíní, ẹyẹ àparò lórí igi. Wọ́n mọ àparò. Àwọn kan ti jẹ ẹ́ rí. Igi tó wà nínú orin náà, èso tí kì í so níhìn-ín ni, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà la ń pe píà tiwa tí wọ́n ń tà lọ́jà. Gbogbo wọn ló ya igi píà, pẹ̀lú èso aláwọ̀ ewé rọ̀gbọ̀dọ̀ lórí ẹ̀, àparò jókòó sáàárín ẹ̀ bí ẹni tó ni oko. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Olùkọ́ kan ní kí n sọ fún wọn pé kì í ṣe píà yẹn. Mo ní kí ló kàn wá? Orin náà fúnra ẹ̀ ti paárọ̀ ẹyẹ rí: "colly birds", ẹyẹ dúdú, ló wà lọ́jọ́ kẹrin nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1780, ti Austin ló sọ ọ́ di "calling birds". Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ àríyá

Ẹran méjì dé etí ẹni tó ni ilé-ìwé. Inú ẹ̀ ò dùn. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní, "Àǹtí, àwọn òbí á ní Gẹ̀ẹ́sì burúkú la fi ń gba owó wọn." Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, owó ilé-ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé wọn á kọ́kọ́ kọ orin náà bó ṣe wà nínú ìwé, eyín méjì, kò sí àléébù. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tó bá fẹ́ á jáde síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á fi ohùn orin náà sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Eyín gba àtẹ́wọ́ tó mọ níwọ̀n. Apá kejì ni àwọn òbí fi dìde lórí àga. Ìyá kan tí ọmọ ẹ̀ ní òun ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ pariwo láti ẹ̀yìn pé "Owó dà?" Ọmọ náà sì tún fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn lórí pèpéle pé bàbá òun ní in.

Ìdáhùn yẹn ló sọ iṣẹ́ tó kàn fún mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti lè sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì lè fèsì, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lè béèrè ọ̀rọ̀. Ní Yorùbá, "ṣé" lásán la óò gbé síwájú, gbólóhùn á sì jókòó síbi tó wà. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ "do", ó fẹ́ "does", ó fẹ́ kí wọ́n yí i sí ọ̀tún àti òsì. Mo ti rí orin kan tí ìbéèrè irú bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, "Do You Hear What I Hear?", tí Noël Regney àti Gloria Shayne kọ ní oṣù Kẹwàá 1962, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń na ohun ìjà síra wọn lórí ọ̀rọ̀ Kúbà, tí ẹ̀rù ogun ń ba gbogbo ayé. Ibi tí ọmọ ti lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí pọ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n máa yí lọ́tẹ̀ yìí, ó le ju orúkọ lọ, mo sì ti ń to ìtàn ẹ̀ ní Yorùbá. Ẹni tó ni ilé-ìwé ti gbọ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ gbọ́ ẹran nínú ẹ̀.